Ìjímèrè Ọdẹ́wùmí àti Sányán Ìyá Àgbà

Ní Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin onídìrí kan nítòsí ọjà East Street ní Barking, ní London níbí, mo ń dúró de ọmọ-ọmọ mi, Tọ́míwá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, irun rẹ̀ sì dí bí igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ro rí. Onídìrí ń fi kóòmù gbígbóná nà án díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ròyìn bọ́ọ̀sì kan tó fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà fún obìnrin tó wà lórí àga kejì. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lóde, èémí àwa tí a wà nínú ilé ti bo gíláàsì fèrèsé. Bóyá kóòmù ti pẹ́ jù lórí iná ni o, bóyá ìròyìn bọ́ọ̀sì ló gba onídìrí lọ́kàn, irun díẹ̀ jó lẹ́yìn etí ọmọ náà. Kò dun ọmọ. Onídìrí bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ ẹnu sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òórùn irun tó jó yẹn ti wọ imú mi, kò sì dúró nímú. Ó wọ inú mi lọ, ó lọ bá nǹkan kan tí mo ti bò mọ́lẹ̀ láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń rùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí iná bá kàn án: sányán. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè ti rí aṣọ sányán lára bàbá yín àgbà, aṣọ wíwúwo tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé òwú rẹ̀ kì í ṣe ti inú oko. Kòkòrò ló ń hun ún, kòkòrò tó ń padà di àfòpiná funfun kan báyìí, tó ní ìlà pupa rúsúrúsú lápá.

Àfi bíi pé ẹnì kan ti bá tíṣà ọmọ náà sọ̀rọ̀ mi, àkókò yẹn gan-an ni Tọ́míwá na bébà kan sí mi láti abẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo èjìká rẹ̀. Tíṣà ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bébà méjì nínú abọ́, kí ó sì fi ẹ̀dá méjèèjì tí orúkọ wọn bá wà níbẹ̀ wéra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kìnnìún àti ẹkùn, wọ́n mú ẹṣin àti màlúù. Ọ̀bọ ni òun mú, àti àfòpiná. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ti ń ṣe, orúkọ tó fi pè mí nìkan ló jẹ́ tiwa: "Màmá, kí ni wọ́n tiẹ̀ fi jọra?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ń dá a lóhùn. Mo ní ọ̀kan ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ ikùn sáré, èkejì ń tu irun ìdí ara rẹ̀ fi bo ẹyin rẹ̀ kí òtútù má baà mú un, nítorí náà ìyá ni àwọn méjèèjì. Mo ní ọ̀kan ń jẹ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, èkejì kì í jẹ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ tó bá ti hu ìyẹ́ títí yóò fi kú. Onídìrí pa ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun ẹnìkejì kí ó lè gbọ́ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, Tọ́míwá bi mí níbi tí mo ti mọ gbogbo èyí. Mo ní ilé-ìwé ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi ní ìlàjì rẹ̀, ìlàjì yẹn ni mo sì fi gba ohun tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ìtàn náà nìyí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni mo dàgbà sí, ìlú olókùúta, níbi tí àpáta ti ń wo inú agboolé bí àgbà tó jókòó síwájú ilé. Bàbá àti ìyá mi wà ní Ìbàdàn níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ sányán ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Lásìkò òjò, àwọn kòkòrò sányán á bo ara igi ìrà lẹ́yìn ìlú. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lórí ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, ṣe ni wọ́n á tò lẹ́yìn ara wọn, orí èyí á kan ìdí ìyẹn, wọ́n á máa lọ bí ọmọ jéléósinmi tí wọ́n ń kó kọjá títì. Nígbà tí àkókò bá tó, gbogbo wọn á péjọ hun ilé kan ṣoṣo, ilé tó dà bí àpò awọ, wọ́n á wọ inú rẹ̀, oníkálukú á sì tún hun yàrá tirẹ̀ síbẹ̀. Àpò yìí ni àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń já wá fún Ìyá Àgbà. Òun á sè é nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, á fọ̀ ọ́, á sá a, lẹ́yìn náà á jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ran án fọ́nrán fọ́nrán, á sì máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Irun ara kòkòrò náà ń yúnni bí i wèrèpè. Ní agboolé wa, a kì í béèrè ẹni tó wá kí Ìyá Àgbà lánàá. Ẹni tó bá ń họ ọrùn lónìí ni.

Ògiri kan ló wà láàárín agboolé wa àti ti Ọdẹ́wùmí. Ọmọbìnrin ọdẹ ni, ẹgbẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Èmi ni mo ní ẹnu fún àwa méjèèjì. Bí a bá ṣẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn àgbà, wọ́n á sì jẹ́ kí a lọ. Bí a bá wọ igbó, òun ló máa ń síwájú. Ó mọ ihò tí òkété wà àti èyí tí ejò ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ewé tí wọ́n fi ń pa oró àkeekèé. Gbogbo ohun tó bá mọ̀ ló máa ń sọ fún mi, kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Bàbá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọdẹ, gbé ọmọ ìjímèrè kan bọ̀ láti oko lọ́dún tí a wà ní ìwé karùn-ún. Ìyá ìjímèrè náà ló yìnbọn fún, kò mọ̀ pé ọmọ so mọ́ ọn níkùn títí ó fi dé ìdí rẹ̀. Ọdẹ́wùmí ló ń fi ìka tó rì bọ ẹ̀kọ lílọ̀ bọ́ ọ. Ìjímèrè kì í ṣe ọ̀bọ orí igi tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n o. Ilẹ̀ ló ń gbé jù. Ara rẹ̀ pupa bí ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti ajá, irunmú funfun sì wà létè rẹ̀ òkè. Nítorí irunmú yìí, àti bó ṣe ń rìn láti agboolé dé agboolé bí ẹni tó wá wo ilé tí kò mọ́, a sọ ọ́ ní Kánsẹ́lọ̀. Kò sí ẹ̀pà tí wọ́n sá sóòrùn tí Kánsẹ́lọ̀ kì í gba tirẹ̀ níbẹ̀. Àárín ajá mẹ́ta Bàbá Ọdẹ ló dàgbà sí. Ẹ̀yìn wọn ló ń sùn lé, ó ń já eégbọn lára wọn, àwọn náà ń lá a lójú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ọ̀tá ni ajá jẹ́ fún irú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn àgbà wà lóko, Kánsẹ́lọ̀ rí àpò sányán kan tó já bọ́ láti inú agbọ̀n Ìyá Àgbà, ó gbé e sẹ́nu. Lójú ẹsẹ̀ ló jù ú nù. Ó ń fi ẹnu gbálẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì họ ètè, ó sáré lọ ti gbogbo ojú rẹ̀ bọ inú omi adìyẹ. Ètè rẹ̀ wú fún ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, bí agbọ̀n yẹn bá wà lọ́nà, ẹ̀yìn ògiri ni Kánsẹ́lọ̀ ń gbà. Èmi àti Ọdẹ́wùmí nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdẹ́wùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí a dé ìwé kẹfà, Tíṣà wa sọ fún wa pé ìsìpẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní òpin sáà. Tíṣà yìí fẹ́ràn ewéko àti ẹranko ju bó ṣe fẹ́ràn àwa ọmọ lọ. Ó ní kí oníkálukú mú ẹ̀dá kan, kí ó máa wò ó lójoojúmọ́, kí ó sì wá sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá lè sọ ti ẹ̀dá tirẹ̀, tó sì lè fi í wé ti ẹlòmíràn lọ́nà tó mọ́gbọ́n wá jù, òun ni òun yóò kọ lẹ́tà fún, lẹ́tà tí ilé-ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn yóò fi gbà á láìsanwó. Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ tí kò bá rí lẹ́tà yẹn gbà, oko tàbí ilé ọkọ ló kù fún un.

Ọdẹ́wùmí mú Kánsẹ́lọ̀. Èmi mú sányán. A jọ ṣàdéhùn pé òun yóò kọ́ mi ní ti ìjímèrè, èmi yóò kọ́ ọ ní ti àfòpiná, kí àwa méjèèjì lè rí nǹkan fi wéra. Òun kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí ìjímèrè ti ń bá ara wọn mọ́ra, bí ọmọ ti ń so mọ́ ikùn ìyá, bí wọ́n ti ń dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì wo òkèèrè. Èmi sọ fún un pé kòkòrò sányán ń tò lẹ́yìn ara wọn, mo sì sọ pé wọ́n ń hun ilé. Èyí tí Ìyá Àgbà sọ fún mi, pé irun ara rẹ̀ ni ìyá ń fi bo ẹyin, n kò sọ ọ́. Mo fi pamọ́ fún ọjọ́ ìsìpẹ́kítọ̀. Ibẹ̀ ni ìwà mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́, kí iná tó dé ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìyá Àgbà fún mi ní àpò sányán kan tí a kò sè. Ó ní kí n gbé e sínú agbọ̀n ọlọ́mọrí, kí n fi sí ìdí ògiri, àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò jáde fúnra wọn nígbà tó bá tó. Ó ní ohun tó ń di ẹ̀dá mìíràn nínú òkùnkùn kò fẹ́ ìkánjú. Mo dúró. Mo ń tẹ́tí sí agbọ̀n láàárọ̀, mo ń tẹ́tí sí i ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìsìpẹ́kítọ̀ dé, kò sí ohun tó mira. Mo rò ó pé bóyá ooru ni kò tó wọn, nítorí mo ti rí i pé adìyẹ ń fi ooru pa ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìyá Àgbà lọ sọ́jà, mo so agbọ̀n náà kọ́ òkè ààrò, mo koná díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo sì jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi ta tẹ́ńtẹ́n. Eré dùn. N kò rántí.

Òórùn ló pè mí wálé. Ìsàlẹ̀ agbọ̀n ti dúdú, àpò sányán ti súnkì. Nígbà tí mo ya á, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ ti pé, funfun, ó ti ń múra láti jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ṣáláńgá. Mo já apá tó jó lára agbọ̀n kúrò, mo fi ọwọ́ fa ìyókù ya, mo jù ú sí ẹ̀bá ògiri tó wà láàárín agboolé méjèèjì. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó gbóòórùn, ó béèrè ohun tó ń rùn bí irun. Mo ní eku ni mo wi níná. Ó wo agbọ̀n, ó wò mí. Mo ní Kánsẹ́lọ̀ ló ya á, tó sì jẹ sányán inú rẹ̀. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́, tàbí lẹ́tà Ìbàdàn ni òun náà ń rò. Ó mú agbọ̀n náà, ó bọ́ sí agboolé kejì, mo tẹ̀ lé e.

Bàbá Ọdẹ kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé iṣẹ́ ọwọ́ àgbà kì í ṣe ohun tí ẹranko ń fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ọmọ mi, ṣé ìṣojú rẹ ló ti ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí. Ọdẹ́wùmí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé Kánsẹ́lọ̀ mọ́ra, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì ń wò mí, ó ń retí pé kí èmi tí mo ní ẹnu sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ mú ìjímèrè náà lọ sí oko tó jìnnà, ó sì tú u sílẹ̀ nínú igbó.

Ó padà wá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ku ọ̀la kí ìsìpẹ́kítọ̀ dé, mo ń pọn omi bọ̀ láti odò nígbà tí mo rí Kánsẹ́lọ̀ lójú ọ̀nà, nítòsí ilé àgbẹ̀dẹ. Ó ti gbẹ, eruku ti bò ó, ó ń lọ sílé tààrà. Àwọn ajá àdúgbò yẹn rí i, wọ́n sáré bọ̀. Kò sá. Ìjímèrè tí kò sí ẹranko tó lè bá a lórí ilẹ̀ tẹ́jú, ó jókòó sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí wọn bó ti máa ń na ọwọ́ sí àwọn ajá ilé wọn, pé kí wọ́n wá, kí òun lè já eégbọn lára wọn. Kò pẹ́ rárá. Ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ pòwe pé ìjímèrè tó lóun kò ní í sá fún ajá, ojú ajá ni kò tíì tó o. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi délé, n kò dà á sílẹ̀. Ohun tí mo ń rántí jù nínú ọjọ́ náà nìyẹn, pé omi náà kò dà.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Tíṣà pe Ọdẹ́wùmí síwájú, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀dá tèmi ti kú, sà," ó sì jókòó. Wọ́n pè mí. Tíṣà ti ṣàlàyé fún ìsìpẹ́kítọ̀ pé ìjímèrè kan ló jẹ sányán mi, wọ́n sì káàánú mi. Mo sọ̀rọ̀ bí omi. Mo fi ìyá ìjímèrè wé ìyá àfòpiná. Mo fi àwọn tó ń tò lórí igi wé àwọn tó ń sáré lórí ilẹ̀. Ohun gbogbo tí Ọdẹ́wùmí kọ́ mi ni mo kó jáde. Nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo ní ẹ̀dá kékeré náà gan-an ní ohun ìjà tó fi ń ṣẹ́gun ńlá, nítorí irun ara rẹ̀ ń yúnni tó bẹ́ẹ̀ tí ìjímèrè kì í fẹnu kàn án.

Mo gbọ́ ọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Mo dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó so èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn pé ìjímèrè ló jẹ sányán mi, àní Tíṣà pàápàá. Ìsìpẹ́kítọ̀ pàtẹ́wọ́, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọdẹ́wùmí kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà tó ń retí àlejò.

Bí mo ṣe dé Ìbàdàn nìyẹn, bí mo ṣe di olùkọ́, bí mo ṣe bá ọkọ mi dé ìlú yìí nígbà tó yá. Mo fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó tún padà sídìí ìwé kíkọ́ni. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta ní Upney, nítòsí Barking níbí. Ọdẹ́wùmí kò ju ìwé kẹfà lọ. Ó ṣe oko, ó lọ́kọ, ó bímọ. Kò bá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé kò tún gba ẹ̀yìn ògiri wọlé wa mọ́. Nígbà tí mo lọ sìnkú ìyá mi, ó wá kí mi, ó gbé ẹ̀gúsí tó bó fúnra rẹ̀ wá nínú abọ́ ńlá. A jókòó fún bíi wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ náà wá sí ètè mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ dípò rẹ̀. Ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo mú un wá sí London, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó tọ́jú oògùn tí kò fẹ́ lò.

Lẹ́yìn ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn, n kò lè gbàdúrà ní ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ àdúrà funfun pẹ̀lú àwọn yòókù, mo sì ń gbóòórùn irun tó jó dípò tùràrí. Nígbà tí a délé ní ọ̀sán, tí Tọ́míwá tẹ́ bébà rẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé fóònù, mo pe Ọdẹ́wùmí. Ó kí mi ní Ìyá London, ó béèrè ilé, ó béèrè ara. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan kí n tó sá.

"Ọdẹ́wùmí, Kánsẹ́lọ̀ kọ́ ló jẹ sányán yẹn. Èmi ni mo jẹ́ kí ó jóná."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ lójú gbogbo wa, pé ìjímèrè kì í fẹnu kàn án. Mo rò pé o fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Mo ń dúró kí o parí ọ̀rọ̀. O ò parí ẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí òun náà kò sọ ọ́. Ó ní ta ni ń bá ẹni tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún jiyàn, àti pé ẹranko náà ti kú ná. Ó wá sọ èyí tó ṣẹ́ mi lẹ́yìn. Ó ní bàbá òun kò tún gbé ẹranko kankan wálé mọ́ títí ó fi kú. Kì í dá Kánsẹ́lọ̀ lẹ́bi, kò sì dá èmi náà lẹ́bi, torí pé kò mọ̀. Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó máa ń wí pé òun ni òun tọ́ ẹranko ìgbẹ́ sáàárín ajá, òun ni òun kò kọ́ ọ ní ẹ̀rù. Ọdẹ́wùmí kò sọ ohun tó mọ̀ fún un rí. Ó ní bàbá òun fẹ́ràn mi, pé inú rẹ̀ máa ń dùn bí wọ́n bá ní ọmọ àdúgbò wa kan wà lókè òkun.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún, ojú kò sì tì mí pé ọmọ-ọmọ mi ń wò mí. Nígbà tí mo dákẹ́, Ọdẹ́wùmí ní, "Mo ti gbọ́." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òtútù pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yà mí lẹ́nu. Ó béèrè ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà jáde lónìí, mo sì sọ ti bébà Tọ́míwá fún un. Ó ní kí n fún ọmọ ní fóònù. Yorùbá Tọ́míwá kò dán mọ́rán, nítorí náà mo ń túmọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohùn Ọdẹ́wùmí ló ń tẹ́tí sí. Ọdẹ́wùmí sọ fún un pé bí ajá bá kọlu agbo ìjímèrè, akọ ńlá inú wọn ni yóò bọ́ sí gbangba, yóò máa sáré kọjá lójú ajá kí ajá lè máa lé e, kí àwọn ìyá àti ọmọ lè dùbúlẹ̀ sínú koríko. N kò gbọ́ èyí rí. Ó ní bàbá òun ló sọ ọ́ fún òun lẹ́yìn tí Kánsẹ́lọ̀ kú, nígbà tí èmi ti lọ sí Ìbàdàn. Tọ́míwá kọ ọ́ sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó kọ ọ́ pé Màmá Ọdẹ́wùmí ló sọ ọ́ fún òun, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí orúkọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí yàrá. Kò wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bó ti máa ń ṣe, n kò sì pè é.

Láti ìgbà náà, a ti ń pe ara wa, èmi àti Ọdẹ́wùmí. Ó sọ fún mi pé kò sí igi ìrà lẹ́yìn ìlú wa mọ́, ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀ náà, inú fóònù ni wọ́n ti ń wo ìjímèrè. Mo sọ fún un pé níbi tí ilé iṣẹ́ mànàmáná wà létí odò nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìhín, ilé alájà púpọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti gbé ojú irin dé ibẹ̀, ènìyàn tún lè wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lọ sí àárín ìlú. Ó ní òun yóò fẹ́ rí i. A ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ohun tó mọ̀, ó ṣì ń fi fún ẹni tó bá béèrè, bó ti ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ wa kò tíì kọjá ìdí ògiri. Ìyẹn kò yí padà lára rẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn ni ayé sì ṣì ń gbà gbọ́, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí i pé wọ́n tètè ń gbà yín gbọ́, ẹ bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀.

Bàbá Ọdẹ ti lọ, n kò lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyá Àgbà ti lọ pẹ̀lú ohun tó mọ̀ tàbí ohun tí kò mọ̀. Ọdẹ́wùmí wà, ó ń béèrè àlàáfíà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń béèrè bóyá Tọ́míwá ti gba máàkì. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. "Mo ti gbọ́" ló wí lọ́jọ́ yẹn, kò sì fi nǹkan kan kún un láti ìgbà náà, èmi náà kò sì bi í léèrè.